Sàkómà Próstéètì àti Jẹjẹrẹ Próstéètì Tí A Mọ̀: Ìfiwéra fún Ẹni Tí Ó Ń Yan Àyẹ̀wò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin méjì jókòó sórí àga gígùn kan náà níwájú yàrá dókítà ọ̀nà ìtọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 68. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ó ti ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA rẹ̀ (èròjà kan tí próstéètì ń ṣe) sì jẹ́ 52. Èkejì jẹ́ ẹni ọdún 43. Láàárín oṣù mẹ́ta péré ni ìtọ̀ rẹ̀ dí pátápátá tí wọ́n fi ní láti fi rọ́bà tí ń fa ìtọ̀ jáde sí i, ìgbẹ́ kò sì já geere fún un mọ́, ṣùgbọ́n PSA tirẹ̀ jẹ́ 1.1, èyí tí ó kéré púpọ̀ sí 4 tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò máa ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpin iye tí kò léwu. Ará ilé ẹni àkọ́kọ́ ń sunkún, ará ilé ẹni kejì ń dúpẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹni kejì gan-an ni ó yẹ kí a sáré fún jù.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi hàn nínú ìfiwéra yìí: ẹ̀jẹ̀ kì í sọ orúkọ sàkómà (jẹjẹrẹ tí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹran iṣan tàbí okùn ara), ẹran ara tí a gé ni ó ń sọ ọ́. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ìdílé bá fẹ́ yan àyẹ̀wò kan, kí wọ́n bi ara wọn léèrè bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ náwó lé lórí yóò mú wọn súnmọ́ ẹran ara náà ni tàbí yóò mú wọn jìnnà sí i.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti yà kúrò lára wọn

Próstéètì kò tóbi ju èso awùsá lọ lára ọ̀dọ́mọkùnrin. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni ó wà, iwájú ìfun ìdí sì ni, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Oríṣi ẹran méjì ni a bá nínú rẹ̀: àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tí ń ṣe omi tí ó ń dàpọ̀ mọ́ àtọ̀, àti ẹran iṣan pẹ̀lú okùn ara tí ó gbá àwọn ẹṣẹ́ náà mọ́ra. Inú àwọn ẹṣẹ́ ni jẹjẹrẹ próstéètì tí gbogbo ayé mọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹṣẹ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ń ṣe PSA. Inú ẹran iṣan àti okùn ara ni sàkómà ti ń bẹ̀rẹ̀, àwọn yẹn kò sì mọ PSA rárá. Bí próstéètì bá wá tóbi bí ọsàn tí PSA sì wà nílẹ̀, èyí kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà. Ó ń sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí ń dàgbà níbẹ̀ má ṣe jẹ́ ọmọ ìdílé tí ń ṣe PSA. Bẹ́ẹ̀ ni PSA tí ó ga díẹ̀ kò lè mú sàkómà kúrò lọ́rọ̀, nítorí pé ọkùnrin lè ní próstéètì tí ó wú nítorí ọjọ́ orí kí sàkómà sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ̀rù má ṣe ba ẹni tí kò yẹ kí ó bà: sàkómà kò tó ẹyọ kan nínú 1,000 jẹjẹrẹ tí ń bẹ̀rẹ̀ láti inú próstéètì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, wíwú lásán ni tiwọn, èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Ohun tí ó ń mú kí ènìyàn fura sí sàkómà ni ìyára rẹ̀. Wíwú lásán a máa gba ọdún mélòó kan kí ó tó dí ìtọ̀. Jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ pẹ̀lú lè fara pamọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n sàkómà lè dàgbà láàárín oṣù díẹ̀, kí ó ti àpò ìtọ̀ sókè, kí ó sì fún ìfun ìdí pa láti iwájú. Níhìn-ín ni àṣìṣe ilẹ̀ wa ti máa ń wọlé. Ẹni tí ìgbẹ́ kò já geere fún, tí ìdí sì ń ro ó, jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń kọ́kọ́ pè é. Ẹni tí ìtọ̀ ń ta, tí ó sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, a ní àtọ̀sí ni. Ọ̀pọ̀ ìgò àgbo á ti gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá kí dókítà kankan tó fi ìka kan próstéètì ọ̀hún láti ojú ìdí, àyẹ̀wò tí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ tí kò sì gba ẹ̀rọ kankan.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tàn ká nínú ara yàtọ̀ pẹ̀lú. Jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ fẹ́ràn egungun, pàápàá egungun ẹ̀yìn àti ti ìbàdí, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dun bàbá ẹni ọdún 68 yẹn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni sàkómà ń gbà rìn, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ bà sí, lẹ́yìn náà ẹ̀dọ̀. Máàkì Gleason tí a fi ń díwọ̀n bí jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ṣe le tó kò ní iṣẹ́ kankan lára sàkómà. Èyí tí ó wúwo jù nínú gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ni pé abẹ́rẹ́ tí ń pa agbára omi ara ọkùnrin, tí ó ń mú kí jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ súnkì, kì í mú sàkómà súnkì. Ẹni tí a bá fi orúkọ èkíní pe àìsàn rẹ̀ nígbà tí ó jẹ́ èkejì ni ó ń ṣe é, oṣù tí a fi gún un ní abẹ́rẹ́ yẹn ti ṣòfò.

Sàkómà pẹ̀lú sàkómà

Nínú àwọn àgbàlagbà, leiomyosarcoma ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú iṣan tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a pàṣẹ fún un, irú èyí tí ó wà lára ìfun àti àpò ìtọ̀. Rhabdomyosarcoma ní tirẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ọmọdé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fara jọ iṣan tí a fi ń gbé ẹrù àti tí a fi ń rìn. Ọmọ tí ó ń sunkún tí ó bá fẹ́ tọ̀, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ sì ń le, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, kò yẹ kí a dá a dúró sílé. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ti ọjọ́ orí nìkan. Ti ọmọdé sábà máa ń gbọ́ ti oògùn jẹjẹrẹ, bíi vincristine, actinomycin D àti cyclophosphamide, débi pé oògùn lè dínkù ú kí iṣẹ́ abẹ tó wá sí ọ̀rọ̀. Leiomyosarcoma kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí ó yọ ọ́ tán láìfi etí rẹ̀ sílẹ̀ ni ìrètí tí ó lágbára jù fún ẹni tí kò tíì dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sàkómà tí ó ń ti inú okùn ara próstéètì fúnra rẹ̀ jáde, àwọn ọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 50 sì pọ̀ nínú àwọn tí ó ń mú. Ó ní àbúrò kan tí àwọn dókítà ń pè ní STUMP, ìyẹn ìdàgbàsókè tí a kò tíì lè sọ bóyá ó burú tàbí kò burú. A lè yọ STUMP kí ó tún padà wá. Díẹ̀ nínú wọn a sì máa di sàkómà. Ẹni tí a bá kọ orúkọ yìí fún kò tíì gba ìwé ìdásílẹ̀, ó ní láti máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Àwọn tí ń wọ aṣọ sàkómà

Àwọn nǹkan kan wà tí ó jọ sàkómà próstéètì ṣùgbọ́n tí kì í ṣe é. Nínú gbogbo ìfiwéra yìí, apá yìí ni mo rò pé ó lérè jù fún ẹni tí ń yan ohun tí yóò ṣe, nítorí pé ibẹ̀ ni orúkọ lè yí ìtọ́jú padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èyí tí ó lágbára jù nínú wọn ni GIST. Kì í ṣe inú próstéètì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, inú ògiri ìfun ìdí ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tóbi, á tẹ próstéètì mọ́ iwájú, ìka dókítà á sì rò pé próstéètì ni ó wú. Bí wọ́n bá wá ti ojú ìdí gún abẹ́rẹ́ láti mú ẹran próstéètì, GIST ni abẹ́rẹ́ náà kọ́kọ́ ń bá pàdé. Wọ́n á kọ "próstéètì" sára ìgò, bẹ́ẹ̀ ẹran ìfun ni ó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú kò rí, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti leiomyosarcoma. Ẹ wò ó pé aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n GIST ní oògùn oníhóró tirẹ̀, imatinib, tí a ń gbé mì lójoojúmọ́, tí ó lè mú kí ó súnkì kí iṣẹ́ abẹ tó dé, kí wọ́n má baà ní láti yọ ojú ìdí ọkùnrin náà pọ̀ mọ́ ọn. Imatinib kò ṣe irú iṣẹ́ yìí fún leiomyosarcoma. Oògùn náà kì í sì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá: láti ọdún 2003 ni ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi í tọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan.

Èkejì ni jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ tí ó pa àwọ̀ dà di bíi sàkómà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe ni ó ti ní jẹjẹrẹ próstéètì rí, tí wọ́n sì ti fi ìtànṣán tàbí oògùn omi ara tọ́jú. Nítorí náà, bàbá tí ó gba ìtọ́jú ní ìlú mìíràn ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn kò gbọdọ̀ fi ìtọ́jú náà pamọ́ fún dókítà tuntun, kódà bí ó bá fẹ́ gbọ́ tẹnu dókítà náà láìfi ti àtijọ́ kún un.

Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ fá próstéètì, kókó kan lè hù lójú egbò náà láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, kí ó sì dà bí sàkómà lójú ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ti wáyé. Ẹran ara kan ṣoṣo, ìtàn méjì: ẹni tí ó gbọ́ ìtàn á fọkàn balẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ lè gé ohun tí kò yẹ ní gígé.

Àyẹ̀wò wo ni kí a fi owó ṣe?

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn. PSA wúlò, kò sì wọ́n bí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹṣẹ́ ni ó ń dáhùn. Sikáànù abẹ́ ikùn (ultrasound) a máa fi bí próstéètì ṣe tóbi tó hàn, iye ìtọ̀ tí ó ṣẹ́ kù sínú àpò, àti bóyá kíndìnrín ti wú. Kò lè pe orúkọ ohunkóhun. MRI (àwòrán inú ara tí a fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì yà) ni ó mọ ààlà jù, òun ni ó lè fi hàn bóyá inú próstéètì ni kókó náà ti jáde tàbí inú ògiri ìfun, ìbéèrè tí GIST gbé dìde lókè yìí. Kò lo ìtànṣán, ṣùgbọ́n ó ń pariwo, ó ń pẹ́, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń ti ọkàn lẹ́yìn nínú àyà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́. CT (àwòrán inú ara tí a fi ìtànṣán yà) yára jù ú lọ, kò sì mọ ààlà abẹ́ ìdí tó o, àmọ́ fún ẹ̀dọ̀fóró òun ni a ń wá, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í gba ipò ara wọn: MRI fún ìsàlẹ̀, CT fún àyà. Kí a tó fi oògùn tí ń mú àwòrán CT mọ́lẹ̀ sí ara ọkùnrin tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dí fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ìtọ̀ tí ó dí lè ti bà á jẹ́, oògùn náà sì lè dá kún un.

Tí owó bá wà, ó dára kí MRI ṣáájú gígé ẹran ara, torí ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ fà máa ń da àwòrán rú. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti èmi ni pé kí a gé ẹran ara ná. Àwòrán tí ó rẹwà jù lọ kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé leiomyosarcoma ni.

Ọ̀nà tí a lè gbà mú ẹran náà kò ju mẹ́ta lọ. Abẹ́rẹ́ láti ojú ìdí yá, àmọ́ ojú ìdí kò mọ́, nítorí èyí wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn tí ń pa kòkòrò ṣáájú. Abẹ́rẹ́ láti abẹ́ ẹpọ̀n, láàárín rẹ̀ àti ojú ìdí, kì í sábà mú kòkòrò wọlé, bí wọ́n bá sì ń fura sí GIST kò ní gba inú ògiri ìfun. Ìkẹta ni fífá próstéètì láti ojú ọ̀nà ìtọ̀, èyí tí ó ń la ọ̀nà fún ìtọ̀ tí ó sì ń mú ẹran púpọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ sàkómà ni ó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i láìròtẹ́lẹ̀. Àléébù abẹ́rẹ́ ni pé ẹran tí ó ń mú kéré, ó sì lè mú apá tí ó fara jọ STUMP kí ó fi apá tí ó burú sílẹ̀. Bí èsì abẹ́rẹ́ kò bá bá ohun tí ìka àti àwòrán rí mu, ìyẹn ni pé kókó tóbi gan-an ṣùgbọ́n ìwé ní kò sí nǹkan, kí wọ́n tún un gé.

Ohun kan wà tí n kò lè fi í ṣe ìfiwéra, nítorí pé kò sí ẹ̀gbẹ́ kejì tí mo lè fi tì í: kí a la ikùn ọkùnrin láti yọ próstéètì tí ó yára wú láìmọ orúkọ ohun tí ó wú u, kí a sì wá ju ẹran náà nù. Gbogbo ẹran tí a bá yọ, kódà tí dókítà bá dá a lójú pé wíwú lásán ni, ilé àyẹ̀wò ni kí ó lọ.

Ìgò, aró àti búlọ́ọ̀kù

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn, ará ilé aláìsàn ni wọ́n máa ń gbé ìgò ẹran náà lé lọ́wọ́ láti gbé lọ sí ilé àyẹ̀wò. Inú fọ́málìnì ni kí ó wà, kì í ṣe omi, kì í ṣe omi iyọ̀, kí fọ́málìnì náà sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran ọ̀hún. Kí ẹnu ìgò fẹ̀, kí orúkọ wà lára ìgò, kì í ṣe lórí ìdérí. Ẹran tí ó bá ti rà kí ó tó dé ibẹ̀ kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á fi ìdà yí ẹran náà ká di búlọ́ọ̀kù kékeré, wọ́n á bẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n á sì rẹ ẹ́ láró. Aró àkọ́kọ́ ń fi ìrísí hàn. Àwọn aró tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èròjà kan ṣoṣo bí aṣọ òwú ṣe ń gba ẹlú tí rọ́bà kì í gbà á. Desmin ń tọ́ka sí iṣan, leiomyosarcoma àti rhabdomyosarcoma sì ń gbà á; myogenin ni ó yà wọ́n, torí rhabdomyosarcoma nìkan ni ó ń gba ìyẹn. CD117 àti DOG1 ń tọ́ka sí GIST. STAT6 tí ó wà nínú ọkàn sẹ́ẹ̀lì ń tọ́ka sí kókó okùn ara mìíràn tí a ń pè ní solitary fibrous tumour. Cytokeratin ń rán wa létí jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ tí ó pa àwọ̀ dà. CD34 ni kí a ṣọ́ra fún: sàkómà okùn ara próstéètì ń gbà á, GIST ń gbà á, solitary fibrous tumour náà ń gbà á. Èsì tí ó bá ní CD34 nìkan tí ó sì ti kọ orúkọ sílẹ̀, ó yẹ kí ìdílé bèèrè pé aró wo ni ó kù.

Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn?

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti Yunifásítì Bowen, èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1907. UCH, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn tí ó ṣílẹ̀kùn ní 1957, wà ní Ìbàdàn, ìrìn bí 100 kìlómítà gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú oní-ìtànṣán. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa rò pé bí nǹkan bá ti le, kí a gbé aláìsàn lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kìíní. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀ fún ìpele àyẹ̀wò. Ọkùnrin tí rọ́bà wà lára rẹ̀ kì í gbádùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ìdà kò mọ ìgbọ̀nrìrì, kì í bàjẹ́, ó sì lè wọ inú àpò ẹ̀wù. Kí wọ́n gé ẹran ara nítòsí ilé, kí wọ́n gba búlọ́ọ̀kù náà pẹ̀lú síláìdì rẹ̀ (gíláàsì tí a bẹ́ ẹran lé lórí), kí ẹnìkan nínú ìdílé sì gbé e lọ sí ibi tí aró tí ó ṣẹ́ kù wà. Ní ti iṣẹ́ abẹ fún sàkómà, ọ̀rọ̀ yí padà: iṣẹ́ náà lè kan próstéètì pẹ̀lú àpò ìtọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìfun ìdí, ó sì gba kí dókítà ọ̀nà ìtọ̀, dókítà ìfun, ti oògùn jẹjẹrẹ àti ti ìtànṣán jọ jókòó kí ọ̀bẹ tó kan ara. Ibi tí wọ́n bá ti lè jọ jókòó ni kí a lọ, bí ó tilẹ̀ jìnnà.

Kí búlọ́ọ̀kù tó kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹni tí yóò gbé e wo ìwé tí ó bá a lọ dáadáa. Ọjọ́ orí aláìsàn yẹ kí ó wà níbẹ̀, àti iye PSA, iye oṣù tí àìsàn fi yára dàgbà, iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán tí ó ti gbà rí, ojú tí wọ́n gba gún abẹ́rẹ́, àti ohun tí àwòrán sọ nípa ògiri ìfun. Nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù náà ni kí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì ilé-ìwòsàn, kí wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú fóònù ẹni méjì nínú ilé.